Ṣé o mọ̀? Omi tútù lè hó nínú ẹ̀rọ panápaná

Bí ẹ̀rọ tí àwọn panápaná fi ń fa omi bá ń tú omi jáde ju èyí tó ń wọlé lọ, agbára tó ń ti omi á wálẹ̀ lẹ́nu ibi tó ń gbà wọlé. Omi á wá hó níbẹ̀ láìgbóná, á sì di ìfófó. Bí ìfófó yìí bá dé ibi tí agbára ti pọ̀, á fọ́ yángá, á sì máa gbẹ́ irin abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ ní kòtò kòtò.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Ẹ̀rọ á máa dún bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú agolo. Ẹ́ńjìnnì á máa sáré sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ géèjì kò ní gòkè.

Kí ni kí o ṣe? Lo rọ́bà tó fẹ̀ láti fa omi, yọ ewé àti pàǹtí kúrò lẹ́nu asẹ́, kí o sì gbé ẹ̀rọ sún mọ́ odò: kò sí ẹ̀rọ tó lè fa omi tó fi mítà 11 jìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, dín eré ẹ́ńjìnnì kù. Má fi kún un.