Ọmọ tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú láìjẹun

Àìsàn tá a fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ilé tó bá wọ̀, oorun á di ọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọdún kan àbọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ikùn rẹ̀ tóbi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àmọ́ kò ga bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án, ó ń ṣeré. Tó bá di ìdájí, òógùn tútù á bò ó, á máa gbọ̀n, nígbà míì gìrì á mú un. Wọ́n á ní aràn ni. Wọ́n á fún un lóògùn aràn, ikùn ò fà. Àwọn míì á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá àgbà inú ilé tìfuratìfura. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ebi ló ń pa ọmọ náà láti inú ẹ̀jẹ̀ wá.

Àwọn dókítà wa ń pe àìsàn yìí ní glycogénose. Oríṣiríṣi ló wà. Oríṣi kìíní là ń sọ lónìí.

Gbogbo wa la mọ àká. Tá a bá kórè àgbàdo, a kì í jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan. A ó kó o sínú àká, nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, a ó ṣí i. Ẹ̀dọ̀ ni àká ara wa. Tá a bá jẹ iyán tàbí ẹ̀kọ, ara á sọ ọ́ di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á kó èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́. Lóru, nígbà tá ò jẹun, á máa mú un jáde díẹ̀díẹ̀ kí ebi má bàa pa ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tá a fi lè sùn mọ́jú.

Ọmọ tó ní àìsàn yìí ní àká, oúnjẹ sì kún inú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni kò sí. Ohun tó yẹ kó tú ṣúgà náà sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, wọn ò bí i mọ́ ọn. Ó ń wọlé, kò ń jáde, ni ẹ̀dọ̀ fi wú tí ikùn fi tóbi. Tí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin bá kọjá láìjẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Gìrì lè dé, ọmọ lè dákú, ó tiẹ̀ lè kú lójú oorun.

Ta ló wá jẹ̀bi? Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Bàbá àti ìyá ló gbé e sára láìmọ̀, bíi ti fòníkú-fọ̀làdìde. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á ní in. Ẹ má lé ìyá ọmọ, ẹ má fẹ̀sùn kan arúgbó.

Oúnjẹ ni ìtọ́jú rẹ̀. Lọ́dún 1984, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé ìyẹ̀fun àgbàdo tí a kò sè lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ró lóru. Ìyẹ̀fun funfun bíi Maïzena ni wọ́n ń lò. Omi tútù la fi ń pò ó, ọmọ á mu ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná pò ó, ẹ má sì sè é. Èyí tá a bá sè dà bí ewé gbígbẹ nínú iná, kíá ló tán. Èyí tá ò sè dà bí ìtì igi, ó ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ògì wa kò lè rọ́pò rẹ̀.

Dókítà ló ń wọn ọmọ kó tó sọ iye tó máa mu àti aago tó máa mu ún. Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi wọn ìyẹ̀fun náà, kì í ṣe ojú. Ikùn ọmọ ọwọ́ kò tíì lè lò ó dáadáa. Oúnjẹ léraléra, tọ̀sán tòru, ni tirẹ̀. Kí ìyá má ṣe dá ọmú dúró fúnra rẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ṣúgà, oyin, ìrèké, èso dídùn, ohun mímu inú ìgò àti mílíìkì, wọ́n á dín gbogbo wọn kù, nítorí ṣúgà inú wọn ń lọ há sínú àká yẹn náà. Ìrẹsì, iṣu, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ kò burú. Kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, ìbáà jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ku ọ̀rọ̀ oorun. Ìyá tó ń jí láàárín òru lójoojúmọ́ á rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí oorun bá gbé e lọ, ewu ni. Nítorí náà, ẹ ṣètò aago lórí fóònù méjì. Bàbá jí lónìí, ìyá jí lọ́la, kí ẹlòmíì nínú ilé náà kọ́ ọ. Tí ọmọ bá ń làágùn kí àkókò tó pé, tàbí tó ṣòroó jí láàárọ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti dàgbà ju òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ. Ẹ padà lọ bá dókítà.

Tí àmì bá dé, tọ́mọ ṣì lajú tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi gúlúkóòsì kíá. Bí kò bá sí, omi ṣúgà. Tí gìrì bá mú un tàbí tó dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, àgbo pàápàá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́:
1. Kí la máa ń sọ lábúlé wa nípa ọmọ tí gìrì ń mú ní ìdájí?
2. Kí ló dé tí a kì í se ìyẹ̀fun àgbàdo náà?
3. Tírú ọmọ yìí bá wà ládùúgbò, ta ló lè bá ìyá rẹ̀ jí lóru ọjọ́ kan kó lè sùn?

Ó dàárọ̀ o. Ká sùn ká jí ire.