Ìsinmi ní Etí Òkun: Ètò Ni Ó Ń Mú Un Dùn

Bí ọlidé bá ti ń kanlẹ̀kùn, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà: níbo ni a ó ti lo ìsinmi? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í dáhùn pé etí òkun ni. Ìdáhùn náà dára. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, yanrìn ibẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ariwo ìgbì sì ń mú kí ènìyàn gbàgbé làálàá. Ṣùgbọ́n a kì í ṣàìgbọ́ nípa àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rín jáde nílé ní àárọ̀, tí ẹkún sì gba ilé wọn kan kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kì í ṣe pé òkun burú. Àìmọ ìwà òkun àti àìṣètò ni ó ń fa púpọ̀ nínú aburú wọ̀nyí. Àwọn àgbà wa ti wí i pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bí ìdílé kan, tàbí olùkọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ṣe lè ṣètò ìsinmi etí òkun tí yóò dùn, tí gbogbo ẹni tí ó lọ yóò sì padà wálé. Etí òkun ìpínlẹ̀ Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá ti Àgbádárìgì.

Yíyan ibi tí a ń lọ

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a mọ̀ pé etí òkun kò rí bákan náà. Láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí àti Ẹlẹ́kọ̀ọ́, gúúsù ni etí òkun wa kọjú sí. Kò sí erékùṣù tàbí òkè kankan tí ó dí i lójú. Agbami Àtìláńtíìkì ni ó wà níwájú rẹ̀ lọ gbọọrọ. Ìjì tí ó jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù, ní ibi tí ó jìnnà sí wa púpọ̀, ni ó ń rán ọ̀pọ̀ nínú ìgbì ńlá tí a ń rí sí wa. Èyí ni ó fi jẹ́ pé oòrùn lè ràn, kí afẹ́fẹ́ parọ́rọ́ ní Èkó, kí ìgbì sì máa ga bí ògiri. Ẹni tí ó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan láti mọ̀ bóyá omi dára, ibi tí ó yẹ kí ó wò kọ́ ni ó ń wò.

Bí a bá ní àwọn ọmọdé lọ́wọ́, ibi tí nǹkan bá dí ìgbì lọ́nà ni ó sàn jù. Irú rẹ̀ ni Tarkwa Bay, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Láàárín 1908 sí 1912 ni a mọ àwọn ògiri òkúta wọnú òkun níbẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá lè máa rí ọ̀nà wọlé. Ẹ̀yìn òkúta yìí ni Tarkwa Bay sá sí, ìdí sì nìyí tí omi rẹ̀ fi rọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé ibẹ̀.

Òkúta kan náà yìí ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi òkun máa ń wọ́ yanrìn lọ ní etí òkun wa. Nígbà tí òkúta dí ọ̀nà, yanrìn ń kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n Bar Beach tí ó wà ní Victoria Island, ní apá ìlà-oòrùn, kò rí yanrìn gbà mọ́. Òkun wá ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn òbí wa mọ Bar Beach bí ẹní mowó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Kérésìmesì àti Àjíǹde. Lónìí, ilẹ̀ tí a fi yanrìn dí, tí a ń pè ní Eko Atlantic, ni ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe gbára lé ohun tí a mọ̀ nípa ibì kan ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Kí ẹnì kan lọ wò ó kí gbogbo èrò tó gbéra.

Ní ti àwọn ilé ẹ̀kọ́, Àgbádárìgì ni a yàn láàyò, nítorí pé ẹ̀kọ́ àti fàájì pàdé níbẹ̀. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní 1842 ni a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, a sì parí rẹ̀ ní 1845. Ibẹ̀ ni orúkọ Samuel Ajayi Crowther àti iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ti so mọ́ra. Ibi tí igi Àgíà wà títí ó fi wó ní 1959 kò jìnnà. Lábẹ́ igi náà ni a ti wàásù ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ní 1842. Ọjà ẹrú Vlekete náà ń bẹ nínú ìlú. Lẹ́yìn náà ni a ó wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà sí Gbẹrẹfu, tí a ó fẹsẹ̀ rìn lórí yanrìn láàárín igi àgbọn títí a ó fi gbúròó òkun.

Ọ̀nà tí a rìn yìí ni a mú àwọn ẹrú gbà lọ sí ibi tí a ń pè ní ibi àlọ-ìdé. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Òkun tí wọ́n fẹ́ bá ṣeré ni ó gbé àwọn ìbátan wa kan lọ sí ilẹ̀ Bràsíl àti Kúbà. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò ṣeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣe àfojúdi.

Yíyan àkókò

Ọlidé gígùn àwọn ilé ìwé bọ́ sí òpin oṣù Agẹmọ títí wọ oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé àkókò yìí gan-an wà lára ìgbà tí òkun wa ń bínú jù lọ, nítorí pé ìgbà náà ni ìjì ìsàlẹ̀ gúúsù ń jà. Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, àwọn ènìyàn a sì rò pé ọjọ́ ti dára. Nínú oṣù Ògún 2012 ni omi òkun ru bo etí òkun Kùrámọ̀ ní Èkó, tí ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ. Bí a bá lọ ní irú àkókò yìí, kí ó jẹ́ láti rìn lórí yanrìn, láti jẹun àti láti wòran. Kí a fi omi sílẹ̀ fún omi.

Oṣù Bélú sí oṣù Ẹrẹ́nà ni ó sàn jù. Òjò kò pọ̀, ọ̀nà gbẹ, ìgbì sì máa ń rọlẹ̀ ju ti ìgbà òjò lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì tàbí ọjọ́ ọdún tuntun, èrò a máa pọ̀ bí omi, ọmọ a sì máa sọnù láàárín wọn. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kí olùkọ́ yàn.

Kí a tún rántí pé òkun a máa kún, a sì máa fà, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Ibi tí ó gbẹ ní àárọ̀ lè di omi ní ọ̀sán. Kí a béèrè ìgbà tí yóò kún lọ́wọ́ àwọn apẹja, kí a sì tẹ́ ẹní wa sí òkè. Ní ti aago, òwúrọ̀ ni kí a dé, kí a wà lábẹ́ ibòòji láti aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta, nítorí pé awọ dúdú pàápàá kò kọ oòrùn. Kí a sì rékọjá ọ̀sà padà kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lóru.

Owó àti ẹrù

Lórí èyí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí a kọ gbogbo owó sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin: owó ọkọ̀ ilẹ̀, owó ọkọ̀ omi, owó ìwọlé, àti owó oúnjẹ. Kí a wá fi díẹ̀ lé e fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Kí a dúnàádúrà owó ọkọ̀ omi ní àlọ àti àbọ̀ kí a tó wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí í ṣe ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí a wá ọkọ̀ mìíràn. Kí omi mímu pọ̀ ju ohun tí a rò pé yóò tó lọ. Kí a mú agbòòrùn, àpótí oògùn, fèrè kan, okùn gígùn kan, àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì tí a dé pinpin. A ó rí iṣẹ́ tí kẹ́ẹ̀gì yìí ń ṣe láìpẹ́.

Ìwà omi tí ó yẹ kí a mọ̀

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ìgbì kọ̀ọ̀kan tí ó ń fọ́ sí etí òkun ń da omi síwájú. Omi náà kò lè máa kó jọ síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sí agbami. Lábẹ́ omi, yanrìn a máa ga bí ebè. Ibi tí ebè yìí bá ti já ni omi tí ń padà yóò gbà, gẹ́gẹ́ bí omi òjò ṣe ń gba ibi tí ebè ti já nínú oko. Nítorí pé ọ̀nà náà há, omi a máa sáré níbẹ̀. Ó lè sáré tó mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí òmùwẹ̀ tí ó lè lúwẹ̀ẹ́ kọjú sí i kí ó sì borí.

Èyí tí ó ń tanni jẹ nínú rẹ̀ ni ìrísí rẹ̀. Ìgbì kì í sábà fọ́ ní ojú ọ̀nà yìí. Omi ibẹ̀ a máa dúdú díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìfófòó àti yanrìn a sì máa ṣàn lọ síwájú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wò ó, yóò ní, “Ibí yìí dákẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ ibí.” Àṣé ẹnu ọ̀nà agbami ni ó ń tọ́ka sí. Kí olùkọ́ dúró lórí ibi gíga, kí ó wo omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì fi ibi wọ̀nyí han àwọn ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kan omi.

Bí ìṣàn yìí bá gbé ènìyàn, kí ó rántí pé kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀. Ó ń gbé e lọ síwájú ni. Ẹni tí ó bá bá a jìjàkadì ni agbára ń tán nínú rẹ̀ tí ó fi ń rì. Kí ó dùbúlẹ̀ léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó ké. Bí ó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú, kí ó má ṣe kọjú sí ilẹ̀. Nígbà tí ó bá bọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì fúnra rẹ̀ yóò bá a gbé ara rẹ̀ padà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí omi má ṣe kọjá orúnkún rẹ̀. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú má ṣe gbéra ga. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Ìṣọ́ àti ìrànlọ́wọ́

Kí a pín àwọn ọmọ ní méjì méjì, kí ẹnì kìíní máa ṣọ́ ẹnì kejì. Bí fèrè bá dún, kí gbogbo wọn jáde, kí a sì kà wọ́n. Kí ó kéré tán àgbàlagbà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwo omi nìkan: kò gbọdọ̀ wọ omi, kò gbọdọ̀ mu ọtí, kò sì gbọdọ̀ tẹ fóònù. Ẹni tí ń rì kì í sábà pariwo, nítorí pé omi ti dí i lẹ́nu. Ìdákẹ́ ọmọ ni kí a bẹ̀rù.

Bí omi bá gbé ẹnì kan, ẹ má ṣe fò tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ó lọ gbani ti bá ẹni tí ó fẹ́ gbà lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a so okùn mọ́ ni kí ẹ jù sí i, kí ó dì í mú. Ẹ pe àwọn adóòlà etí òkun tàbí àwọn apẹja, kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí 767 ní Èkó. Bí a bá gbé e jáde tí kò sì mí, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ikùn, ẹ má sì ṣe dorí rẹ̀ kodò. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹ sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ léraléra títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ó yẹ kí ó kéré tán olùkọ́ kan ti kọ́ èyí kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí ẹni náà tilẹ̀ jí, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà.

Àwọn kan yóò ní òkun a máa mú ẹni tí ó bá fẹ́, pé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún Olókun ní tòótọ́ kì í fi omi rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá sì ti di gbogbo ẹ̀bi ru òkun, a kò ní kọ́ ohunkóhun nínú aburú tí ó ṣẹlẹ̀, ọdún tí ń bọ̀ a sì tún rí bákan náà. Àwọn mìíràn ní kí a kúkú má mú ọmọ lọ rárá. Ọmọ tí a kò mú lọ yóò dàgbà, yóò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láìmọ nǹkan kan. Ó sàn kí ó kọ́ ìwà omi lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí kíláàsì yín fúnra wọn ṣe ètò yìí: kí ẹgbẹ́ kan wádìí ibi, kí èkejì wádìí àkókò, kí ẹ̀kẹta ṣírò owó, kí ẹ̀kẹrin kọ òfin omi. Ìsinmi tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣètò ni wọn kì í gbàgbé.