'Felony': Ẹ̀sùn tó ń gba ilẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ láyé àtijọ́

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìròyìn kóòtù ní Nàìjíríà yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì kan rí: 'felony' àti 'misdemeanour'. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó di lílò ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 1916, ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ bá jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sókè ni 'felony'. Èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá tó oṣù 6, ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún 3, ni 'misdemeanour'.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ méjèèjì wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín láyé àtijọ́, kì í ṣe iye ọdún ni wọ́n fi ń mọ 'felony', bí kò ṣe dúkìá. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi rẹ̀, yàtọ̀ sí pé wọ́n lè yẹgi fún un, gbogbo ẹrù rẹ̀ di ti ọba. Ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ọba yóò lò ó fún ọdún kan àti ọjọ́ kan, lẹ́yìn èyí ni yóò bọ́ sọ́wọ́ ìjòyè tó ni agbègbè náà. Àwọn ọmọ kò ní rí ilẹ̀ jogún.

Olè kékeré kọ́ ni wọ́n fi èyí dẹ́rù bà o. Bí ohun tí ènìyàn jí bá ti ju péńsì 12 lọ, ìyẹn ṣílè kan péré, ikú ni ìjìyà tí òfin là sílẹ̀. Abájọ tí àwọn ará ìlú 12 tó máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ fi ń díye lé ẹrù olówó ńlá pé kò tó ṣílè kan. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, adájọ́ náà mọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ṣùgbọ́n ó burú jáì. Ẹni tó bá kọ̀ láti sọ bóyá òun jẹ̀bi tàbí òun kò jẹ̀bi, wọn kò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ní bọ́. Wọn yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, wọn yóò máa to òkúta tàbí irin lé e láyà títí yóò fi sọ̀rọ̀ tàbí tí yóò fi kú. Àwọn kan fara mọ́ ikú oró yìí kí ilẹ̀ lè kù fún ọmọ. Margaret Clitherow, ìyàwó alápatà kan ní ìlú York, tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó fi àwọn àlùfáà Kátólíìkì pamọ́, kú bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1586. Tirẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ọmọ òun wá jẹ́rìí.

Ọdún 1772 ni wọ́n fòpin sí òkúta títò léni láyà. Ọdún 1870 ni ọba ṣíwọ́ gbígba dúkìá ẹlẹ́bi, òfin ọdún 1967 sì pa ìyàtọ̀ tó wà láàrin 'felony' àti 'misdemeanour' rẹ́ pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí 'felony' fi dé inú ìwé òfin gúúsù Nàìjíríà, ó ti di ọdún 46 tí gbígba dúkìá ti kúrò lára rẹ̀.