Ọdún 25 Sólà: Lábẹ́ Oòrùn Ibo?

Ẹni tó bá ń ta sólà ní Kàdúná kì í pẹ́ dárúkọ ọdún 25 tí pánẹ́ẹ̀lì yóò fi ṣiṣẹ́. Bí pánẹ́ẹ̀lì ṣe ń pẹ́ tó ní tòótọ́ ni iṣẹ́ Task 13, ẹ̀ka kan nínú PVPS, ètò ìwádìí iná oòrùn tí International Energy Agency dá sílẹ̀ ní 1993. Láti 2010 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti ń kó àkọsílẹ̀ jọ níbẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tó sán, ike ẹ̀yìn tó pọ́n, wáyà tó jó. Ọ̀fẹ́ ni ìwé wọn. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bù ú kù.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Ibi tí ara pánẹ́ẹ̀lì ti wà ní 25°C ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ti ń wọn wátì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Lórí páànù Kàdúná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ara rẹ̀ lè gbóná dé 65°C, púpọ̀ nínú àwọn pánẹ́ẹ̀lì sì ń pàdánù bíi 0.4% fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 25°C. Ẹ ṣírò rẹ̀: 400 wátì tẹ́ ẹ sanwó fún ti di bíi 336, eruku ò tíì bà lé e. Olùtajà ò purọ́. Kò kàn sọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ni.

Ọyẹ́ wá dé, pẹ̀lú eruku tó ń fẹ́ bọ̀ láti Bodélé ní Chad. Òjò tí ì bá fọ pánẹ́ẹ̀lì ti lọ láti oṣù Kẹwàá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ta díẹ̀ lórí òrùlé kan ní Barnawa tàbí Kakuri ní Kàdúná, ẹrẹ̀ á ṣàn wá sí etí ìsàlẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì, á gan síbẹ̀ bíi sìmẹ́ǹtì. Etí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò ṣeé fojú di, torí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì so kọ́ra ni: èyí tí òjìji bá bò ni í fa àwọn tó kù sẹ́yìn.

Task 13 kò dákẹ́ lórí eruku o. Odindi ìwé ni wọ́n gbé jáde lé e lórí ní 2022. Àmọ́ ibùdó amúnáwá ńláńlá ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ní mítà níbi gbogbo. Tiwa ni ọmọkùnrin kan tó gbé garawa àti fóòmù gun àkàbà, tí a tún ń bẹ̀ pé kó má da omi tútù sórí gíláàsì gbígbóná lọ́sàn-án gangan.

Ohun tó lè fa àríyànjiyàn jù nínú iṣẹ́ Task 13 ni ti orúkọ àwọn iléeṣẹ́. Àwọn tó ní àkọsílẹ̀ kì í fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọjà tàwọn ló bàjẹ́, nítorí náà orúkọ iléeṣẹ́ kì í sábà hàn. Bóyá bí wọ́n bá dárúkọ, kò ní sẹ́ni tí yóò kó àkọsílẹ̀ wá mọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kò lè fi "àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan" ra nǹkan.

Àwọn onímọ̀ tó lè wọn pánẹ́ẹ̀lì tiwa wà ní ABU Zaria àti Kaduna Polytechnic. Ohun tó ṣòro ni owó tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ ìwọ̀n wà lórí òrùlé títí ọyẹ́ mẹ́wàá yóò fi kọjá.