Abẹ́rẹ́ Olóṣù Mẹ́ta: Ṣé Lóòótọ́ Ló Ń Ba Ilé-Ọmọ Jẹ́?

Ìjà ńlá ni abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń dá sílẹ̀ nínú ilé. Ìyàwó á gbà á kí ọmọ ọwọ́ lè dàgbà. Tó bá dáwọ́ dúró, tí oṣù mẹ́fà kọjá tí kò lóyún, ìyá ọkọ á ní ó ti ba ilé-ọmọ rẹ̀ jẹ́. Irọ́ ni o! Họ́mónù ló wà nínú Depo-Provera, òun ni kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin jáde, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tán lára. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ó lè tó oṣù 10 kí oyún tó dúró, ti ẹlòmíràn a tilẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa tún bímọ láìpẹ́, kó bi nọ́ọ̀sì nípa èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Wọ́n yọ ọ́ báyìí, ara á bọ̀ sípò kíá.

Àwọn tó ń sáré lọ ra Clomid ní kẹ́míìsì ló ń bani lẹ́rù. Ó ń mú ẹyin jáde lóòótọ́, àmọ́ dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fúnni, torí ó lè mú ilé ẹyin wú. Baálé ilé ńkọ́? Kó lọ yẹ àtọ̀ tirẹ̀ náà wò, kó tó máa lérí ìyàwó kejì.