Ta Ni Ó Kópa? Òṣùwọ̀n Ìkópa Nínú Ìjà fún Ìdáàbòbò Igbó Àdáyébá: Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà

Bí a bá sọ pé àwọn ènìyàn kan ń jà kí igbó àdáyébá má baà parun, báwo ni a ṣe lè wọn ipa tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kó? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Èsì irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọba àti àwọn àjọ tí ń fowó ṣèrànwọ́ lè gbára lé láti pinnu ẹni tí wọn yóò pè sí ìpàdé àti ẹni tí wọn yóò kà sí alábàáṣe. Bí òṣùwọ̀n kò bá rí irú ìkópa kan, àwọn tí ń kópa lọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé díẹ̀ nínú àwọn òṣùwọ̀n tó wà nílẹ̀, ó sì fi ọ̀ràn Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo yẹ̀ wọ́n wò. Èrò mi ni pé ìṣòro wọn kì í ṣe ti ìṣirò nìkan. Ti èdè ni pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni àwa onímọ̀ Yorùbá ti ní iṣẹ́ láti ṣe.

Irú igbó wo?

Kí a tó wọn ìjà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń jà fún. Òfin tí ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1964 láti dáàbò bo igbó àti ijù gbà pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn ti jẹ́ àlejò tí kì í dúró pẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ìlú fi ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n sì ń dá owó jọ kí òfin náà tó jáde. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé lẹ́tà kíkọ, ìpàdé àti owó dídá wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ń kà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọn ìkópa.

Èdè Yorùbá pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà púpọ̀: igbó, ẹgàn, ijù, aginjù. Ijù àti aginjù, tí a mọ̀ dáadáa láti inú Bíbélì, jẹ́ ilẹ̀ tó dá páropáro. Igbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 mọ̀ pé igbó ní onílé. Ènìyàn jẹ́ àlejò níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò tó ní àjọṣe àti èèwọ̀ láàárín òun àti onílé ni.

Àwọn òṣùwọ̀n tó wà nílẹ̀

Ní 1978, Dunlap àti Van Liere gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó ń wádìí ojú tí ènìyàn fi ń wo àyíká. Wọ́n tún un ṣe ní 2000, ó sì di gbólóhùn 15 tí olùdáhùn yóò sọ bóyá òun fara mọ́ tàbí òun kò fara mọ́. Òṣùwọ̀n yìí gbajúmọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n èrò ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ìṣe. Ẹni tó fẹ́ràn igbó lọ́kàn lè má fi ìka kan iṣẹ́ ìdáàbòbò rẹ̀ láéláé.

Ní 2000 kan náà, Paul Stern fi hàn pé ìwà tó kan àyíká kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ya ìjà gbangba sọ́tọ̀ kúrò lára àtìlẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ bíi fífara mọ́ òfin, ó ya ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì tún ya ipa tí ènìyàn ń ní lórí ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tó wà sọ́tọ̀. Àǹfààní ìpínsísọ̀rí yìí ni pé kò jẹ́ kí a fi ẹni tó pa iná nílé rẹ̀ wé ẹni tó dúró níwájú katakata.

Alisat àti Riemer ni wọ́n ṣe òṣùwọ̀n tó kan ìjà gbangba gan-an, ní 2015. Ó ní ìbéèrè 18, tí olùdáhùn yóò fi sọ iye ìgbà tí òun ti ṣe àwọn nǹkan kan láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá, láti òdo tó dúró fún “rárá” títí dé 4 tó dúró fún “lemọ́lemọ́”. Nígbà tí wọ́n tú ìdáhùn palẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó pín sí: ìṣe àwọn tó dara pọ̀ àti ìṣe àwọn tó ṣáájú. Ìyàtọ̀ yìí wúlò, nítorí ẹni tó lọ síbi ìwọ́de kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó pè é.

Ohun kan ṣì kù tí iye ìgbà kò lè sọ: agbára. Sherry Arnstein ti ṣàlàyé ní 1969 pé ìkópa dà bí àkàsọ̀ onípele mẹ́jọ. Nísàlẹ̀ ni a ti ń pe ènìyàn wá kí a kàn lè sọ pé a pè é; lókè ni òun fúnra rẹ̀ ti ń pinnu. Ènìyàn lè lọ sí ogún ìpàdé kí ó má kúrò ní ìsàlẹ̀ àkàsọ̀.

Ohun tí Igbó Ọ̀ṣun fi hàn

Igbó Ọ̀ṣun, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, wà lára ìyókù igbó àdáyébá tó ṣẹ́ kù ní gúúsù Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1950, ó ń bàjẹ́ lọ: wọ́n ń gé igi, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń ṣọdẹ nínú rẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère ńláńlá, wọ́n sì dúró kí igi má baà tán. Ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n oníbéèrè 18 wọn àwọn tó gba igbó yìí là. Ẹni tó ń mọ ògiri ojúbọ kò bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú. Ìyá olórìṣà tó ń lé apẹja kúrò létí odò kò kọ lẹ́tà sí aṣòfin. Arugbá tó ń ru igbá lọ sódò nínú oṣù Ògọ́sìtì kò pe ara rẹ̀ ní ajàfáyìíká. Máàkì wọn yóò kéré jọjọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ kan tó tan ọ̀rọ̀ igbó náà ká orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lè gba máàkì ju gbogbo wọn lọ. N kò fi èyí tẹ́ńbẹ́lú ọ̀dọ́ náà. Láti ìgbà tí ìwakùsà wúrà lókè odò ti mú kí omi Ọ̀ṣun máa pọ́n bí omi amọ̀, àwọn tó ń pariwo rẹ̀ síta ń ṣe ohun tí èèwọ̀ nìkan kò lè ṣe, nítorí awakùsà kò sí lábẹ́ èèwọ̀ Òṣogbo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òṣùwọ̀n tó dára gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ méjèèjì.

Kókó èèwọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Àwọn òṣùwọ̀n tó wà nílẹ̀ ń ka ohun tí ènìyàn ṣe. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, apá tó pọ̀ nínú ìdáàbòbò jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn kọ̀ láti ṣe.

Ìdẹkùn inú èdè

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, ìdẹkùn mẹ́ta wà tí ìtumọ̀ olówuuru kò ní jẹ́ kí a rí.

Èkíní ni “ẹ”. “Ṣé ẹ ti lọ síbi ìwọ́de rí?” lè jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀. Bàbá àgbàlagbà lè dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí pé ọmọ rẹ̀ lọ. A óò rò pé ẹnì kan ni a wọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé ìdílé ni a wọ̀n. “Ẹ̀yin fúnra yín” yóò yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún bèèrè ti ìdílé àti ti ẹgbẹ́ lọ́tọ̀, nítorí Arugbá kì í ru igbá fún ara rẹ̀ nìkan.

Èkejì ni “a kì í”. Bí a bá bi ènìyàn bóyá ó ń pẹja nínú odò náà, ó lè dáhùn pé “A kì í pẹja níbẹ̀.” Òfin ni ó sọ, kì í ṣe ìṣe ara rẹ̀. “N kì í pẹja níbẹ̀” ni ìròyìn nípa ara ẹni. Ẹni tó bá kọ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹyọ kan ti da ohun tó yẹ kí a ṣe pọ̀ mọ́ ohun tí a ń ṣe.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Bí a bá lọ béèrè ọ̀rọ̀ “oṣù mẹ́fà tó kọjá” ní oṣù Mááṣì, ọdún Ọ̀ṣun ti bọ́ sẹ́yìn kọjá ibi tí òṣùwọ̀n náà dé. “Láti ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá títí di òní” ni gbólóhùn tí olùdáhùn yóò lè fi ka ìṣe rẹ̀ láìṣìṣe.

Àbá

Mo dábàá pé kí òṣùwọ̀n fún irú igbó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́rin: ìṣe gbangba, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú, ìṣọ́ èèwọ̀, àti agbára ìpinnu. Fún ìṣọ́ èèwọ̀, kí a má bèèrè bóyá ènìyàn pa èèwọ̀ mọ́, nítorí ta ni yóò sọ pé òun kò pa á mọ́? Kí a bèèrè pé: nígbà wo ni ẹ rí ẹni tó rú u kẹ́yìn, kí ni ẹ sì ṣe? Ìdáhùn sí èyí ṣe é fi wé ti ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀.

Kí a tún wo èso. Nínú ẹgbẹ́ Green Belt tí Wangari Maathai dá sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 1977, igi tó gbìn tó sì yè ni wọ́n máa ń torí rẹ̀ fún obìnrin ní owó díẹ̀, kì í ṣe iye igi tó rì sílẹ̀. Síbẹ̀, èso nìkan kò tó. Nígbà tí wọ́n lu Maathai àti àwọn tó tẹ̀ lé e nínú igbó Karura ní 1999, wọn kò tíì rí igi gbìn lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé wọn kò kópa. Ewu tí ènìyàn fara gbá yẹ kó ní àyè tirẹ̀ nínú òṣùwọ̀n.

Ìkádìí

Kò sí òṣùwọ̀n tí yóò rí ohun gbogbo, àwọn tí a ti jíròrò sì wúlò fún ibi tí wọ́n ti hù. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé kí a tó gbé wọn dé Òṣogbo, a gbọ́dọ̀ tún wọn ṣe láti inú èdè àti ìṣe àwọn tí a fẹ́ wọ̀n. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọba yóò wo tábìlì iye tí a kọ, yóò sì parí rẹ̀ sí pé àwọn ará ìlú kò bìkítà. Lẹ́yìn náà, yóò pe àwọn ẹlòmíràn wá pinnu lórí igbó tí àwọn tí kò kà yẹn ti fi ọwọ́ ara wọn ṣọ́.