Ṣé o mọ̀? Orin tó bá ogun abẹ́lé jáde

Bí ìnáwó bá wà ní Ìwàrè, kó jẹ́ òkú àgbà tàbí ìyàwó, tí sípíkà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, jùjú tàbí fújì ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Fìdítì àti Ìlọrà. Ṣé o mọ̀ pé ogun tí wọ́n jà láti oṣù keje ọdún 1967 sí oṣù kìíní ọdún 1970 wà lára ohun tó fà á?

Háíláìfù ló gbòde l'Ékòó àti n'Íbàdàn kí ogun tó dé, àwọn ará Ìlà-Oòrùn sì pọ̀ nínú àwọn tó ń fun fèrè tí wọ́n sì ń ta gìtá nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n pa àwọn Ìgbò nípakúpa l'Ókè Ọya ní 1966, ọ̀pọ̀ àwọn olórin wọ̀nyí di ẹrù, wọ́n sá lọ sílé. Ẹgbẹ́ Roy Chicago, ọkùnrin tó kọ "Onílé Gogoro", wà lára àwọn tó tú ká. Àwọn onígìtá jùjú bíi Ebenezer Obey, tó ti dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, ló wá gba ojú agbo. Ó dùn mọ́ wa pé jùjú gòkè, àmọ́ kò yẹ ká gbàgbé ohun tó lé àwọn tó fi àyè sílẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé orin ilẹ̀ òkèèrè ni Biafra, orílẹ̀-èdè tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn yapa láti dá sílẹ̀, fi ṣe orin orílẹ̀-èdè rẹ̀? Sibelius, ọmọ Finland, ló ṣe ohùn orin náà, "Finlandia", ní 1899, nígbà tí ìjọba Rọ́ṣíà ń tẹ orí àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nnamdi Azikiwe ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i. Nígbà tó fi máa di 1969, Azikiwe fúnra rẹ̀ ti padà sẹ́yìn Nàìjíríà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun Biafra ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ogun.

Ọ̀rọ̀ Rex Lawson, olórin háíláìfù, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ "Hail Biafra" nígbà tí ogun ń gbóná, ó sì tún kọ "Gowon Special" fún Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, lẹ́yìn náà. Má tíì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Kalabari ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Apá wo ni ìbọn ì bá kọjú sí tí kò ní kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé Síkírù Àyìndé Barrister, olórin fújì, jagun? Ọmọ Ìbàdàn ni, Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1948. Láti kékeré ló ti ń ṣe wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí lóru oṣù Ààwẹ̀ kí wọ́n lè jẹ sààrì. Ogun dé, ó wọṣẹ́ ṣọ́jà, ó bá Dífíṣọ̀n Kejì ti ọmọ ogun Nàìjíríà lọ, ó jà ní Awka, ní Abagana àti ní Onitsha. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré: ní Abagana, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Biafra lúgọ de ọ̀wọ́ ọkọ̀ Dífíṣọ̀n náà, wọ́n sì dáná sun ún. Barrister bọ̀ láàyè. Wọ́n gbé e lọ sí Àpápá, lẹ́yìn náà sí Òṣòdì, kó tó bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, tó gbájú mọ́ orin. Nígbà tó yá, Supreme Fuji Commanders ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́. Bí ìbọn bá ti gbé e lọ l'Abagana, irú fújì wo ni à bá máa jó lónìí?

Tí àgbà kan bá wà ní agbo ilé yín tó lọ sógun yẹn, jọ̀ọ́, bi í léèrè orin tí wọ́n ń kọ ní báríkì. Gbà á sílẹ̀ sórí fóònù rẹ kó tó pẹ́ jù.

Victor Olaiya, olórin háíláìfù, ní tirẹ̀ kò yin ìbọn. Fèrè ló gbé lọ: ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré fáwọn ṣọ́jà káàkiri, ìjọba ológun sì fi í joyè ọlá Lieutenant-Colonel. L'Ókè Ọya, Dan Maraya Jos ń ròyìn ojú ogun, ó sì ń ki àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀. Kuntigi olókùn kan ṣoṣo ló fi ń ṣe é, ohun èlò tí wọ́n fi agolo sàdíìnì ńlá ṣe, tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò lójú.

Fẹlá náà ńkọ́? Los Angeles ló wà ní 1969 nígbà tó kọ "Viva Nigeria", tó ní kí a má tú ká. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 1977, ṣọ́jà Nàìjíríà kan náà ló wá dáná sun ilé rẹ̀.

Ṣé o sì mọ̀ pé ogun yìí dé ààfin Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, John Lennon, ọmọ ẹgbẹ́ Beatles, dá àmì ẹ̀yẹ MBE padà fún un. Ó ní nítorí ọwọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ọ̀rọ̀ Biafra ni, pẹ̀lú bó ṣe ń ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ní Vietnam. Irú àmì ẹ̀yẹ yẹn gan-an ni I.K. Dáírò, onídùùrù jùjú wa, gbà ní 1963.